Ẹ má tíì ya pulánù: bí ilé ṣe lè bá ilẹ̀, oòrùn àti àwọn tó máa gbé inú ẹ̀ mu

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe tí wọ́n bá ti ra ilẹ̀ tán ni kí wọ́n ṣí fóònù, kí wọ́n wá fọ́tò ilé kan tó rẹwà, wọ́n á gbé e fún bíríkìlà, wọ́n á ní "irú eléyìí gan-an ni mo fẹ́." Bíríkìlà á ní kò sí wàhálà (mi ò tíì rí bíríkìlà tó ní wàhálà wà nígbà tí owó ṣì wà nílẹ̀), iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀. Ilé ọ̀hún lè jẹ́ èyí tí wọ́n yà fún Kánádà o, òrùlé ẹ̀ ga ṣóńṣó torí kí yìnyín lè máa yọ̀ bọ́, fèrèsé ẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà torí wọ́n ń wá oòrùn kiri lọ́hùn-ún, àwa tí à ń gbé Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo, Ìkòròdú sì rèé, sísá là ń sá fún oòrùn. Ẹ jẹ́ kí pulánù gbẹ̀yìn jàre. Ilẹ̀ ló kọ́kọ́ kàn, oòrùn àti atẹ́gùn tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà àwọn èèyàn tó máa gbé ibẹ̀, kí ẹ tó wá pe akítẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ilẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀ fún yín, àárín ẹ̀ẹ̀rùn ló máa fẹ́ mú yín lọ, gbogbo ẹ̀ á gbẹ táútáú, àwọn ọmọ á máa gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀. Ẹ padà lọ nígbà òjò. Lápá ọ̀dọ̀ wa, òjò máa ń le gan-an lóṣù kẹfà sí ìkeje, á dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, á tún gbé e lóṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá. Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ tán ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ wo ibi tí omi ti ń wọlé àti ibi tó ń gbà jáde, kẹ́ ẹ wo ara fẹ́ǹsì àwọn aládùúgbò bóyá ilà omi wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì bi ìyá tó ń ta nǹkan létí ọ̀nà, òun ò gba kọmíṣọ̀n lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ará Ìbàdàn ò gbàgbé ìgbà tí odò Ògùnpa ya wọlé lọ́dún 1980, wọn ò sì gbàgbé omíyalé oṣù kẹjọ ọdún 2011, odò tó ti ń ṣàn tẹ́lẹ̀ mọ ọ̀nà ara ẹ̀, bẹ́ ẹ bá kọ́lé sójú ọ̀nà ẹ̀ ẹ̀yin lẹ ń bá a jà.

Tó bá jẹ́ ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, bíi ti ọ̀pọ̀ ibi n'Íbàdàn, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ sọ fún yín ni kẹ́ ẹ pe katapílà kó tẹ́jú gbogbo ẹ̀. Ẹ rọra ná. Ibi tó rẹlẹ̀ yẹn lè jẹ́ ibi tí mọ́tò máa wọ̀, tàbí sítọ́ọ̀, tàbí bọ́yìsì kọ́tà, kí pálọ̀ àti àwọn yàrá wà lókè, atẹ́gùn á sì máa fẹ́ síbẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yìn ilé níbi tí omi àwọn tó wà lókè ti ń bọ̀ ni kẹ́ ẹ ti la gọ́tà, ẹ sì fi ihò sílẹ̀ nísàlẹ̀ fẹ́ǹsì kí omi lè kọjá, torí fẹ́ǹsì tó bá dí omi pa, bó pẹ́ bó yá á wó ni.

Irú ilẹ̀ tún ṣe pàtàkì. Ilẹ̀ pupa tó ní yangí máa ń dúró dáadáa, fandéṣọ̀n lásán tí wọ́n gbẹ́ tí wọ́n da kọnkéré sí ti tó fún ilé tí kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àkúrọ̀ ńkọ́, bíi apá Lẹ́kí àti Ajá tí wọ́n fi yanrìn kún? Níbẹ̀ ẹ gbọ́dọ̀ yẹ ilẹ̀ wò kí ẹnjiníà tó sọ bóyá ráàfù (kọnkéré fífẹ̀ kan tó gbé gbogbo ilé dúró) ni wọ́n máa dà tàbí wọ́n máa ri òpó wọlẹ̀ kan ibi tó le, owó ibẹ̀ sì lè dẹ́rù bà yín, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ tó dà bíi pé ó pọ́kú ò fi pọ́kú rárá. Abẹ́òkúta tún ní tiẹ̀, àpáta ni, ilé á dúró lórí ẹ̀ digbí, àmọ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbẹ́ sọ́kàwéè lẹ máa mọ̀. Àti ikán o: kí wọ́n tó da jámánì flọ́ọ̀ (kọnkéré ìsàlẹ̀ ilé), ẹ ra oògùn ikán kí wọ́n wọ́n ọn sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì tẹ́ rọ́bà dúdú sábẹ́ kọnkéré kí ọ̀rinrin má baà máa gun ògiri.

Ẹ tún wo ibi tí bọ́ọ̀hòlù máa wà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ fẹ́ kí ó jìnnà sí sọ́kàwéè tó nǹkan bíi 100 fíìtì, pulọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ 60 sí 120 sì rèé, ẹ̀ẹ́ rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan níwájú pátápátá, ìkejì lẹ́yìn pátápátá ni. Ẹ ò sì ní wo tiyín nìkan, ẹ yọjú sẹ́yìn fẹ́ǹsì, torí sọ́kàwéè aládùúgbò lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbẹ́ omi sí. Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kó sọ ibi tí báàfù àti kíṣìn máa wà, kì í ṣe fọ́tò.

Ó wá kan oòrùn, ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti farabalẹ̀ jù nìyí. Lọ́dọ̀ wa oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ yà. Á yọ ní ìlà-oòrùn, á kọjá lórí wa, á wọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn, lóṣù kẹfà á tẹ̀ díẹ̀ sí àríwá, lóṣù kejìlá á tẹ̀ sí gúúsù ju ìyẹn lọ. Torí ẹ̀, ògiri tó kọjú sí àríwá àti gúúsù ò nira láti dáàbò bò: òkè ni oòrùn ti ń bá a, páànù tó yọ síta ní fíìtì mẹ́ta péré á ṣíji bo ògiri gúúsù ní nǹkan bíi fíìtì márùn-ún sísàlẹ̀ lọ́sàn-án gangan oṣù kejìlá, ìgbà tó tẹ̀ jù nìyẹn. Àmọ́ ti ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, ìsàlẹ̀ ló ń gbà wọlé, òrùlé ò lè dá a dúró. Ti ìwọ̀-oòrùn ló burú jù, torí láti aago mẹ́ta títí di mẹ́fà ni, gbogbo nǹkan ti gbóná tẹ́lẹ̀, búlọ́ọ̀kù á mu ooru yẹn yó, á wá máa tú u sílẹ̀ sínú yàrá lóru nígbà tí ò sí iná.

Nítorí náà, ẹ na ilé yín láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, kí ẹ̀gbẹ́ tó gùn kọjú sí àríwá àti gúúsù. Ẹ kó báàfù, sítọ́ọ̀, àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́dúróòbù, gbogbo ibi tí èèyàn kì í pẹ́ sí, sí ìwọ̀-oòrùn kí wọ́n gba ìyà náà jẹ. Ẹnìkan á ní ṣé pulọ́ọ̀tì máa ń gbọ́ràn síni lẹ́nu ni? Òótọ́ ni, tí títì bá wà ní àríwá tàbí gúúsù ilẹ̀ yín, ẹ̀gbẹ́ tó gùn nínú 60 sí 120 yẹn á kọjú sí ìwọ̀-oòrùn dandan. Ẹ má kọ́lé kún ìbú ilẹ̀ nígbà náà. Ẹ fi fàráńdà síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí fèrèsé ẹ̀gbẹ́ yẹn kéré, kẹ́ ẹ gbin igi sí i, tàbí kẹ́ ẹ dá àgbàlá sáàárín ilé bíi ti agbo-ilé àtijọ́ kí àwọn yàrá máa gba atẹ́gùn láti inú. Àwọn bàbá wa ò dá àkòdì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ fún ṣekárími.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí ohun tí mò ń sọ, kó lọ sí OAU n'Ífẹ̀, kó wo àwọn ilé Humanities tí Arieh Sharon, akítẹ́ẹ̀tì ará Ísírẹ́lì, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ yà, ilé tó fẹ̀ lókè tó tín-ín-rín nísàlẹ̀, àjà kọ̀ọ̀kan ṣe agbòòrùn àti agbòjò fún èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀. Tàbí kó lọ sí UI, àwọn ilé tí Maxwell Fry àti Jane Drew, àwọn akítẹ́ẹ̀tì ará Gẹ̀ẹ́sì, yà níbẹ̀, ẹ wo bí wọ́n ṣe dá ihò sára ògiri kí atẹ́gùn lè máa kọjá. Kò séyìí tí wọ́n gbára lé ẹ́síì nínú gbogbo ìyẹn. Ẹ wá wo èyí tó wà lóde báyìí, ilé tí wọ́n fi ògiri bo òrùlé yíká tí páànù ò yọ síta rárá: ó gbayì nínú fọ́tò, àmọ́ ojú fèrèsé ò ní ibòji, omi òjò ń ṣàn sára ògiri, ọ̀dà á máa hó, gọ́tà orí ẹ̀ á sì máa jò tí ewé bá ti dí i. Tó bá jẹ́ tèmi ni, mi ò ní gba èyí lọ́wọ́ akítẹ́ẹ̀tì kankan.

Atẹ́gùn tó ń fẹ́ jù lọ́dún ń bọ̀ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ti ọyẹ́ ló ń ti àríwá ìlà-oòrùn wá pẹ̀lú eruku ẹ̀. Kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní fèrèsé lára ògiri méjì tó yàtọ̀, torí atẹ́gùn tí kò rọ́nà jáde ò ní wọlé. Fèrèsé tí wọ́n ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdajì ló ń ṣí, àwọn tó ń ṣí síta bí ilẹ̀kùn tàbí lúfà ṣí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sí gbogbo ẹ̀ o, tí ẹ̀fọn bá ń wọlé fèrèsé ò ní ṣí láéláé. Ìjì tó máa ń ṣáájú òjò nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dún máa ń ti ìlà-oòrùn wá, torí náà òrùlé apá ibẹ̀ náà kó yọ síta dáadáa. Sílìn kó ga, fíìtì mẹ́wàá ó kéré tán, kẹ́ ẹ sì fi ihò sílẹ̀ lábẹ́ etí òrùlé kí ooru páànù lè jáde. Jẹnẹrétọ̀ sì rèé, ẹ má gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń wá, torí èéfín ẹ̀ á wọ yàrá, èéfín yẹn ń pani. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí gbogbo fèrèsé.

Tẹ́ ẹ bá ní sólà lọ́kàn lọ́jọ́ iwájú, ẹ sọ ọ́ ní báyìí. Gúúsù ni pánẹ́ẹ̀lì máa kọjú sí, kó tẹ̀ díẹ̀ péré, torí náà apá òrùlé yẹn kó fẹ̀, kí igi ẹ̀ lágbára, kí táńkì omi má sì dúró síbi tó ti máa ṣíji bò ó.

Ọ̀rọ̀ ògiri, gbogbo wa ti gbà pé búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì nìkan ló wà. Àmọ́ Bàbá Demas Nwoko, ayàwòrán tó tún ń ya ilé, ti fi ilẹ̀ pupa pọ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì kọ́lé láti ọjọ́ pípẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì tí Bàbá yà fún àwọn Dominican, ẹgbẹ́ àlùfáà Kátólíìkì, wà n'Íbàdàn títí dòní, wọ́n sì fún Bàbá ní àmì ẹ̀yẹ Golden Lion níbi ìfihàn iṣẹ́ àwọn akítẹ́ẹ̀tì ní Venice lọ́dún 2023. Ẹ bi akítẹ́ẹ̀tì yín léèrè, bó bá kàn rẹ́rìn-ín, ẹ̀ ń bi ẹni tí kò yẹ.

Ó kan ẹ̀yin fúnra yín. Ẹ jókòó pẹ̀lú ìyàwó tàbí ọkọ, ẹ pe Màámi tí wọ́n bá máa wá gbé ọ̀dọ̀ yín, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Yàrá ìyá kó wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú báàfù tiwọn, orúnkún ò ní máa dára sí i, kí ilẹ̀kùn ibẹ̀ sì fẹ̀ tó fíìtì mẹ́ta bóyá kẹ̀kẹ́ arọ á kọjá lọ́jọ́ kan. Ta ló ń se oúnjẹ, kí ló sì ń sè? Kíṣìn tó ṣí sí pálọ̀ dára fún ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì àti ẹyin, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń dín ata, tẹ́ ẹ̀ ń se ilá àti ìrù, ẹ ní kíṣìn mìíràn lẹ́yìnkùlé. Iyán náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa gún un lórí dẹ́kìn, ìsàlẹ̀ ni odó ń gbé. Ilé Mùsùlùmí, ẹ sọ fún akítẹ́ẹ̀tì kí ibi ìjókòó ilé ìgbẹ́ má kọjú tàbí kọ ẹ̀yìn sí Kíbílà, lọ́dọ̀ wa ìlà-oòrùn tó tẹ̀ sí àríwá ni, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ìgbà tí táìsì ti wọlẹ̀ tán ni wọ́n ń rántí. Àlejò ńkọ́? Tí ilé yín bá jẹ́ ibi tí mọ̀lẹ́bí ti ń ṣe ìsọmọlórúkọ, ẹ fi àyè kánópì sílẹ̀ níwájú, kẹ́ ẹ sì ṣe ilé ìgbẹ́ àlejò kan tí wọn ò ní gba pálọ̀ yín kọjá kí wọ́n tó dé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston tẹ́ ẹ̀ ń wálé fún ọ̀sẹ̀ méjì ọdún Kérésì, kí lẹ fẹ́ fi yàrá méje ṣe? Ta ló máa máa gbá a? Ẹ kọ́ kékeré tó dáa, kí àbúrò tó ń ṣọ́ ọ ní ibi tiẹ̀ tó ní ẹnu ọ̀nà ọ̀tọ̀. Bó bá sì jẹ́ pé owó ò tíì pé, tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ kó wọlé, kẹ́ ẹ tó wá fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e lọ́jọ́ iwájú, ẹnjiníà gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀, torí fandéṣọ̀n bọ́ńgálò kò lè di ti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nígbà tó bá ti wà nísàlẹ̀ ilẹ̀.

Ìgbà yìí ni kẹ́ ẹ tó gbé gbogbo ìwé yẹn lọ bá akítẹ́ẹ̀tì tí ARCON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn akítẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, mọ̀, ẹnjiníà ẹ̀ náà kó jẹ́ èyí tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, ìgbìmọ̀ tàwọn ẹnjiníà. L'Ékòó ọwọ́ LASPPPA, iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ náà, ni ìwé àṣẹ ìkọ́lé wà, ìpínlẹ̀ yòókù ní ọ́fíìsì tiwọn, ẹ béèrè iye fíìtì tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ sí fẹ́ǹsì kí akítẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀, torí á dín àyè yín kù. Tó bá gbé àwòrán dé, ẹ má fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà. Ẹ gbé e lọ sórí ilẹ̀, ẹ ra èèkàn àti okùn, kí wọ́n fà á bí ilé ṣe máa rí gan-an, kí gbogbo ilé rìn nínú ẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ aago mẹ́rin tí oòrùn ṣì wà níbẹ̀, ẹ dúró síbi tí bẹ́ẹ̀dì máa wà, ẹ wo ibi tí oòrùn ti ń bà yín lójú, kẹ́ ẹ rìn láti kíṣìn dé ibi oúnjẹ. Ibi tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fa èèkàn ibẹ̀ tu, kí akítẹ́ẹ̀tì tún un yà.