Ẹ má tíì ra mẹ́mọ́rì: àwọn àṣìṣe tó ń ba kááṣì Redis jẹ́

Redis ni ètò tó ń tọ́jú dátà sínú mẹ́mọ́rì (RAM); wọ́n sábà máa ń fi ṣe kááṣì, ìyẹn ibi tí à ń kó ẹ̀dà dátà sí kí ó lè yá láti mú. Inú mi kì í dùn tí mo bá rí àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ tí wọ́n ń náwó lórí RAM, nígbà tó jẹ́ pé ìlà kan péré nínú kọ́ńfígì ló ṣì.

1. Ẹ má fi maxmemory (ìwọ̀n mẹ́mọ́rì tí Redis lè lò) sílẹ̀ sórí 0. Lórí ẹ̀rọ 64-bit, kò ní gbèdéke nìyẹn. Redis á máa jẹ mẹ́mọ́rì lọ títí Linux á fi pa á.

2. KEYS * (tó ń wo gbogbo kọ́kọ́rọ́, ìyẹn orúkọ tí a fi tọ́jú dátà, lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì ń dá iṣẹ́ yòókù dúró) lórí ẹ̀rọ tí oníbàárà ń lò lọ́wọ́? Ẹ jọ̀ọ́, SCAN wà, tó ń wò wọ́n díẹ̀díẹ̀.

3. Èyí ló ń dùn mí jù. Ẹnì kan tó ń ta àdìrẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Ìtòkú pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, ó tún ti kún o." Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ra mẹ́mọ́rì kún un. Àwọn tó ń bá a ṣe é ti yan volatile-lru, òfin tó ń yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò nígbà tí mẹ́mọ́rì bá kún, wọ́n ní àbùṣe bùṣe. Mo jókòó, mo mú kọ́kọ́rọ́ kan, mo tẹ TTL (àṣẹ tó ń sọ iye ìṣẹ́jú-àáyá tó kù kí kọ́kọ́rọ́ parẹ́): -1. Mo mú òmíràn: -1. Ìyẹn ni pé kò sí ọjọ́ tí wọ́n máa parẹ́. Bẹ́ẹ̀ volatile-lru kì í fọwọ́ kan irú wọn. Tí kò bá rí èyí tó ní TTL, kò yàtọ̀ sí noeviction (òfin tí kì í yọ nǹkan kan kúrò), OOM (àṣìṣe pé mẹ́mọ́rì ti kún) lẹ ó máa rí. Tí ẹrù bá kún ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ ò kó ìkankan kúrò, ṣé ṣọ́ọ̀bù tó fẹ̀ jù ú lọ ò ní kún ni?

Wọ́n sì fi EX (iye ìṣẹ́jú-àáyá tí kọ́kọ́rọ́ máa lò) sí i níbẹ̀rẹ̀ o! Ibòmíràn nínú kóòdù ló ń ṣe SET (àṣẹ tó ń kọ dátà) lé kọ́kọ́rọ́ kan náà láìsí EX, SET sì máa ń pa TTL àtijọ́ rẹ́, àfi tí ẹ bá kọ KEEPTTL, tó wà láti Redis 6.0.

Bó bá jẹ́ kááṣì lásán, tí ojúlówó dátà wà ní dátábéèsì, ẹ lo allkeys-lru, tó lè yọ kọ́kọ́rọ́ èyíkéyìí, ì báà ní TTL tàbí kó má ní. Ṣùgbọ́n nóòdù (ẹ̀dà Redis kọ̀ọ̀kan) tí ẹ bá ṣe CONFIG SET (àṣẹ tó ń yí kọ́ńfígì padà) lórí rẹ̀ nìkan ló máa gbọ́. Slot (àyè tí a ń pín kọ́kọ́rọ́ sí) 16384 ni cluster, ìyẹn àwọn nóòdù tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀, pín láàárín àwọn nóòdù. Kọ́kọ́rọ́ tó bá bọ́ sọ́dọ̀ èyí tí ẹ ò yí, òfin àtijọ́ ló ń bá lò. Ìdí nìyẹn tí OOM fi ń wá, tó ń lọ.

Ẹ má sì gbàgbé CONFIG REWRITE, tó ń kọ àyípadà yín sínú fáìlì redis.conf kí ó má bàa parẹ́ bí Redis bá tún bẹ̀rẹ̀. Èmi náà gbàgbé ẹ̀ rí, lórí ẹ̀rọ mẹ́ta ní ọ́fíìsì kan l'Ókè-Ìléwó. Lóru, iná lọ, ínfátà kú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti padà sórí noeviction. Ní báyìí, mi ò kì í dìde láìtẹ CONFIG GET maxmemory-policy lórí nóòdù kọ̀ọ̀kan, kí n sì ṣí fáìlì redis.conf fúnra rẹ̀ wò.