Bí ẹ ṣe lè fa obìnrin wọ ipò alámòójútó lórí Wikipedia Yorùbá

Alámòójútó (admin) ni oníṣe tí wọ́n fún láṣẹ láti tọ́jú Wikipedia. Bí ẹgbẹ́ tó ń kọ àyọkà síbẹ̀ n'Ilé-Ifẹ̀ bá kéde pé "ẹni tó bá fẹ́ ṣe alámòójútó kó fọwọ́ sókè", ọkùnrin tó mọ ìdajì iṣẹ́ náà sábà máa ń na ọwọ́ ná. Obìnrin tó mọ̀ ọ́n tán á ṣì máa rò pé òun kò tíì tó ẹni tí wọ́n ń wá. Ifẹ̀ kan náà tí ìtàn sọ pé obìnrin kan, Lúwòó, jọba rí nìyẹn o!

Ẹ lọ bá obìnrin náà fúnra yín. Ẹ wo ojú ewé tó ń fi àtúnṣe tuntun hàn, kí ẹ wá ẹni tó ń fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ tàbí tó ń yọ ìsọkúsọ kúrò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Ẹ sọ iṣẹ́ rẹ̀ tí ẹ rí fún un, kí ẹ wá dárúkọ àkókò: wákàtí 3 lọ́sẹ̀, oṣù 6. Iṣẹ́ tí kò lópin ló ń lé obìnrin sá.

Ẹ bi í ní aago ìpàdé tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Aago 7 alẹ́, ọbẹ̀ ṣì wà lórí iná. Bó bá jẹ́ ìpàdé ojúkojú ní Lágere, ẹni tó ń gbé Moremi Hall ní OAU á ti máa ronú ọkọ̀ àbọ̀. Ọ̀sán Sátidé dára jù. Owó dátà ńkọ́? Ẹ fún un kó tó béèrè.

Ẹ má kàn fi í ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́; ipò akọ̀wé kì í ṣe agbára lórí Wikipedia. Alámòójútó ló lè pa ojú ewé rẹ́, tó lè dínà mọ́ oníjàgídíjàgan. Kí obìnrin náà kọ ìbéèrè fún ipò náà sórí Wikipedia Yorùbá, kí àwọn oníṣe sọ èrò wọn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Bí kò bá sí bureaucrat (oníṣe tó lè fún ni ní ipò alámòójútó) tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kó gbé ìjíròrò náà lọ bá àwọn steward, ìyẹn àwọn oníṣe tó lè fún ni ní ipò lórí gbogbo wiki, lórí Meta-Wiki, ojúlé tí wọ́n ti ń ṣètò iṣẹ́ gbogbo wiki. Fún wiki kékeré, àṣẹ oṣù díẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fún ni. Kí ìyẹn má bà á nínú jẹ́. Ẹ má lọ kó ogún èèyàn láti WhatsApp wá dìbò: ìbò ẹni tí kò tíì kọ nǹkan kan kì í sábà wúwo, ó sì lè ba orúkọ rẹ̀ jẹ́.

Kó tó gba iṣẹ́, ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tó máa dá sí i bí ẹnì kan bá ń fi ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ ránṣẹ́ sí i. Orúkọ oníṣe rẹ̀ kò sì ní láti jẹ́ orúkọ gidi.

Obìnrin méjì lẹ́ẹ̀kan náà ló dáa: bí iná bá lọ lọ́dọ̀ ọ̀kan, èkejì á mójú tó o. Bí oṣù 6 bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n kọ iṣẹ́ náà sí ojú ewé kan, kí àwọn fúnra wọn sì yan obìnrin tí wọ́n máa lọ bá láti gba iṣẹ́ náà lẹ́yìn wọn.