Ínṣọ́ránsì Ò Sanwó? Ẹ Kọ́kọ́ Sọ Iṣẹ́ Tí Mọ́tò Yín Ń Ṣe

Rẹ́wáyà ni mí ní Ògólóńtò, n'Ìkòròdú. Wáyà àti bátìrì ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ínṣọ́ránsì ti gbé mi ṣubú ní 2021, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí oníkábúkábú tàbí oní-áàpù kan, àwọn tó ń gba èrò lórí fóònù, kì í wá dúró ti bọ́nẹ́ẹ̀tì kó máa bi mí ní ohun kan náà. Ó ti sú mi láti máa tún un sọ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè máa nawọ́ ìwé sí wọn, kí n sì padà sídìí wáyà mi.

Ẹ̀gbọ́n, ọlọ́pàá dá mi dúró ní Majídún, ó ní ínṣọ́ránsì mi ò jáde lórí fóònù.

Tẹ *565*11#, tàbí kí o lọ sí askniid.org, kí o fi nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ sí i. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò ń kó ojúlówó sí. Tí kò bá jáde, wọ́n ta ayédèrú fún ọ, tàbí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ṣi nọ́ńbà kọ. Mo ti rí KRD tó di KDR. Padà lọ bá ẹni tó tà á fún ọ. Láti oṣù kejì 2025 ni ọlọ́pàá ti ń béèrè ìwé yìí káàkiri orílẹ̀-èdè, "mi ò mọ̀" ò lè gbà ọ́.

Ó jáde, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó ti kú.

Wo déètì. Ọdún kan ló ń lò.

Mo ṣẹ́ owó kù fún ejẹ́ńtì, ó ní kò sí wàhálà.

Wàhálà wà. Owó tí a ò san, ínṣọ́ránsì tí kò sí nìyẹn. Òfin ló sọ bẹ́ẹ̀, ohun yòówù kí ejẹ́ńtì rẹ sọ.

₦15,000 ni mo san. Ṣé wọ́n á bá mi tún bọ́ńpà mi ṣe?

Rárá. Tẹ́ẹ̀dì pátì lo rà. Ẹni tí o bá gbá ló wà fún. Iye yẹn ni ti ọkọ̀ ara ẹni láti January 1, 2023, dúkìá onítọ̀hún tí o bà jẹ́ ni wọ́n á sì san, kò gbọdọ̀ kọjá mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Bọ́ńpà tìrẹ, ìwọ àti pánẹ́lì-bítà ni.

Òwúrọ̀ nìkan ni mo fi ń kó èrò mẹ́ta dé Kẹtu kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Ṣé ọ̀rọ̀ pé ọkọ̀ ara ẹni ò gbọdọ̀ kó èrò gbowó kan èmi náà?

Ó kàn ọ́. Mú sàtífíkéètì ínṣọ́ránsì rẹ jáde, má wo orúkọ rẹ òkè, wo ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ bí a ṣe lè lo ọkọ̀ náà sí. Lórí ọ̀pọ̀ ìwé ọkọ̀ ara ẹni, ohun tí wàá rí níbẹ̀ ni pé ìrìn ilé, ìrìn òde àti iṣẹ́ ẹni tó ni ín fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbà. Wọn ò gba kíkó èèyàn gbowó, wọn ò gba eré ìje, wọn ò gba kíkó ọjà òwò. Kò sí "òwúrọ̀ nìkan" níbẹ̀. Kò sí "Sátidé nìkan." Bíi fíúsì ni. Tí wọ́n bá fi fíúsì oní-10 síbi tó yẹ kí 30 wà, rédíò á máa kọrin, iná á máa tàn, o ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣe é. Ọjọ́ tí fáànù rédíétọ̀ bá gbéra nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 lo máa mọ̀.

Ti aládùúgbò tó kàn ń dá owó epo, kọ lẹ́tà bi ilé iṣẹ́ náà, kí o sì gba èsì wọn nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò ṣe é fi hàn ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ jàǹbá.

Bàbá Rẹ́wáyà, èmi ò kó èrò o. Tòmátì tèmi ni mo ń kó wá láti Mile 12.

Ẹ ṣé mà. Ìsọ̀rí tiyín wà lọ́tọ̀, ti ẹni tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ kó ẹrù ara rẹ̀. ₦20,000 ni tẹ́ẹ̀dì pátì rẹ̀, ó sì ń bo dúkìá ẹlòmíì dé mílíọ̀nù márùn-ún. Ẹ má ra ti ₦15,000 torí ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá bá ìyá kejì kó ata tirẹ̀, tó fún yín lówó, ẹ ti kúrò nínú ìsọ̀rí yẹn náà.

Áàpù tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ní àwọn ní ínṣọ́ránsì.

Fún ta ni? Bi wọ́n bóyá ọkọ̀ rẹ wà nínú ẹ̀ àbí èrò nìkan. Bi wọ́n nípa ìgbà tí áàpù wà ní títàn ṣùgbọ́n tí o ò tíì rí èrò gbé. Tí wọn ò bá lè dá ọ lóhùn, gbà pé ọkọ̀ rẹ ò sí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ejẹ́ńtì mọ̀ pé mò ń ṣe áàpù! Òun ló bá mi kọ fọ́ọ̀mù!

Jókòó. Tèmi nìyẹn gan-an.

Mo ra Corolla kan ní 2021, mo gbé e fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kó máa fi ṣe áàpù, kó máa mú dẹlífúrì wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kọmpirẹhẹ́ńsíìfù ni mo rà sí i, èyí tó ń tún ọkọ̀ tèmi náà ṣe, torí ojú mi ti rí ọkọ̀ tó run wómúwómú. Ejẹ́ńtì tó tà á fún mi máa ń wá jẹ ọ̀fadà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó mọ ọkọ̀ náà, ó mọ ọmọ náà, ọmọ náà tiẹ̀ ti gbé e lọ sí Ìjẹ̀dẹ̀ rí, ó sì sanwó. Ọjọ́ tó gbé fọ́ọ̀mù dé, gírísì wà lọ́wọ́ mi dé ìgúnpá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣèyọnu, màá bá yín kọ ọ́." Mo nu ọwọ́ sí sòkòtò, mo buwọ́ lù ú.

Ní oṣù karùn-ún tí mo rà á, òjò ń rọ̀, típà oníyanrìn kan yà láìwẹ̀yìn ní Majídún, ó sì rún ilẹ̀kùn méjèèjì apá òsì. Ọlọ́run yọ ọmọ náà àti èrò ẹ̀yìn. Ilé iṣẹ́ ínṣọ́ránsì mi rán ajọ́sítà, ẹni tó ń yẹ jàǹbá wò fún wọn, wá wò ó. Mo ti ya fọ́tò, mo ti gba iye lọ́wọ́ pánẹ́lì-bítà, ₦870,000. Ọkùnrin náà ò tilẹ̀ tẹjú mọ́ ilẹ̀kùn. Ó bi ọmọ mi pé, "Ibo lò ń lọ láàárọ̀ yẹn?" Ọmọ tí wọ́n kọ́ pé kó má purọ́, ó ṣí fóònù, ó fi rìsíìtì hàn án: aago 7:42, Sábó sí Kẹtu, èrò kan. Ajọ́sítà ya fọ́tò ẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà dé. Wọn ò ní san kọ́bọ̀. Mo fi ariwo wọ ọ́fíìsì wọn. Obìnrin tó dá mi lóhùn ò bá mi jà, ó kàn gbé fọ́ọ̀mù mi jáde. "Ìlò ọkọ̀: ti ara ẹni." Ìbuwọ́lùwé mi ló wà nísàlẹ̀, àmì gírísì tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní ejẹ́ńtì yín ló kọ ọ́! Ó fi bíró tọ́ka sí ìlà kan tí mi ò rí rí: ejẹ́ńtì tó bá bá èèyàn kún fọ́ọ̀mù, aṣojú ẹni náà ló jẹ́ níbẹ̀. Òfin adójútòfò ti 2003, tó wà nílẹ̀ nígbà náà, ló ní kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ sórí fọ́ọ̀mù. Irọ́ tí ejẹ́ńtì pa, èmi ni mo pa á. Nígbà tí mo pe ejẹ́ńtì náà, ohun tó sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ kó rọ̀ yín lọ́rùn ni."

Oṣù mẹ́rin ni mo fi kọ lẹ́tà sí wọn. Lẹ́tà ìbínú, lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, ọ̀kan tí mo fi Bíbélì sí nínú. Àfi ọjọ́ tí bátìrì oníbàárà kan kú níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, bùrókà ínṣọ́ránsì ni, alágbàtà tó ń bá oníbàárà dúró níwájú ilé iṣẹ́ ínṣọ́ránsì. Mo kó ìwé mi fún un bó ṣe ń dúró. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tó fi kà á tán. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ fi àwọn wọ̀nyí sílẹ̀, ẹ ò ní ẹjọ́ níbẹ̀. Ta ló gbá yín?"

Típà.

"Tẹ́ẹ̀dì pátì ti típà ńkọ́?"

Mo wò ó. Kò wá sí mi lọ́kàn rí. Nọ́ńbà típà wà nínú ìwé ọlọ́pàá, a tẹ̀ ẹ́ wò, ó jáde: ó wà láàyè lọ́jọ́ jàǹbá, ìsọ̀rí ọkọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n kọ sí i. Típà tí wọ́n fi okùn so bọ́ńpà mọ́! Ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ò bi mí ní ohun tí Corolla mi ń ṣe, torí èmi kọ́ ni oníbàárà wọn. Ohun tó kàn wọ́n ni pé típà ló jẹ̀bi, ọlọ́pàá sì ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó tún gba oṣù mẹ́rin kí wọ́n tó san ₦520,000. Ìyókù, èmi ni mo fi orí fá a.

Wọ́n ti kọ tèmi ní "ara ẹni" báyìí, ọdún rẹ̀ ò sì tíì pé. Kí ni kí n ṣe?

Kí jàǹbá tó ṣẹlẹ̀ ni o, kì í ṣe ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ náà, sọ iṣẹ́ tí ọkọ̀ ń ṣe àti ẹni tó ń wà á. Wọ́n á bu owó lé e. Sínú àkáǹtì ilé iṣẹ́ ni kí o san án sí, má fún ejẹ́ńtì. Gba ìwé àtúnṣe tó ní òǹtẹ̀ wọn àti sàtífíkéètì tuntun, kí o tún un yẹ̀ wò lórí *565*11#. Ẹni tó bá fẹ́ ta kọmpirẹhẹ́ńsíìfù owó pọ́ọ́kú fún ọ ńkọ́? Láti 2023, kò gbọdọ̀ dín ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀. Ọkọ̀ mílíọ̀nù mẹ́rin, ₦200,000. Tí wọ́n bá ní ₦80,000, bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n yọ kúrò.

Wọ́n kọ̀ wọn ò san tèmi. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi lọ bá wọn.

Mi ò lọ. Tí òótọ́ bá wà lórí fọ́ọ̀mù rẹ, kọ̀wé sí wọn, tọ́jú ẹ̀dà kan, tí wọ́n bá dákẹ́, gbé e lọ sí NAICOM, àjọ ìjọba tó ń mójú tó gbogbo ilé iṣẹ́ ínṣọ́ránsì. Tí irọ́ bá wà níbẹ̀, wá bùrókà tó ní láísẹ́ǹsì NAICOM, kó ìwé ọlọ́pàá àti nọ́ńbà ọkọ̀ kejì lọ bá a, àti ẹ̀dà fọ́ọ̀mù tí o buwọ́ lù. O ò ní ẹ̀dà? Lọ gbà á lọ́la. Bátìrì ni kí o gbé wá fún èmi.