Ẹ̀ẹ̀mejì Ni Mo Háyà Ẹ̀rọ Nítorí Kòtò Kan

Owó ẹ̀rọ ìwọn eré omi tí mo háyà lẹ́ẹ̀kejì ṣì ń dùn mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló yẹ kí n háyà á.

Odò kékeré kan ló ń ṣàn wá láti orí òkè. Wọ́n fẹ́ fi òfin dáàbò bo omi inú rẹ̀, kí ẹja lè rí ibi gbé nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè dáàbò bo omi tí kò sí. Iṣẹ́ tèmi ni láti mọ iye tó wà. Odò náà kò ní ibùdó ìwọn-omi tirẹ̀, ibi tí ẹ̀rọ ti ń ka iye omi tó ń kọjá. Èyí tó sún mọ́ ọn jù wà nísàlẹ̀, lórí odò ńlá tó ń wọ̀.

Ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn wọ odò mi jẹ́ kìlómítà onígun mẹ́rin 12. Ti ibùdó yẹn jẹ́ 60. Ìdá kan nínú márùn-ún. Lọ́jọ́ tí mo lọ, ibùdó kà lítà 110 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà 22 ló yẹ kí n bá. 43 ni mo bá.

Ẹ má sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n wọ̀n o. Mo ta okùn láti etí kan dé èkejì, mo pín in sí ọ̀nà 24, mo ń ka eré omi níbi ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá jíjìn rẹ̀ láti òkè. Iṣẹ́ tó mọ́ ni. Síbẹ̀ ara mi ni mo kọ́kọ́ fura sí. Mo tún máàpù ilẹ̀ méjèèjì yà. Mo tún ẹ̀rọ háyà, mo tún wọnú omi tútù yẹn: 42. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ń tọ́jú ibùdó. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá kí wọ́n tó fèsì pé kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ àwọn. Lóòótọ́, kò sí!

Ìgbà tí inú bí mi tán ni mo fẹsẹ̀ rìn gba etí odò lọ sókè láti ibùdó. N kò tíì rìn jìnnà tí mo fi rí kòtò kan nínú igbó, tó ń fa omi lọ sí oko kan tó wà nísàlẹ̀ ibùdó. Pátákó onínọ́ńbà tó ń fi iye omi hàn wà lẹ́nu rẹ̀: lítà 95 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ ro 95 mọ́ 110, ẹ pín in sí márùn-ún: 41. Mo pariwo láàárín igbó bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Ọjọ́ kan kò tó. Iye omi ọdún púpọ̀ ni àwọn tó fẹ́ ṣe òfin náà ń béèrè. Ìwé iye omi kòtò náà fún ọdún 11 ni olóko náà fi ọwọ́ kọ, omi ti ba àwọn ojú ìwé kan jẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, tí mò ń ro ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ ti ibùdó. Lẹ́yìn náà ni mo to iye ọdún 11 náà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọdún láti kékeré dé ńlá, mo mú èyí tó bọ́ sí àárín gan-an. Ẹ má lo ìpíndọ́gba: ọdún kan tí yìnyín bá yọ́ lójijì, ìkún omi rẹ̀ á mú kó dà bíi pé omi pọ̀ lọ́dọọdún.

Bí mo bá tún ṣe irú rẹ̀, ẹsẹ̀ ni màá kọ́kọ́ fi rìn, kí n tó ṣí máàpù rárá.

Olóko náà bi mí pé kí ló dé tí mi ò wá bá òun láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò rí èsì kankan fún un.