Áàpù ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ó ń ṣe ségesège lórí fóònù

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, áàpù tí mo kọ fún ìforúkọsílẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wa dára lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n lórí fóònù, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ kéré tí kò ṣeé kà. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ wò ó bóyá ìlà yìí wà nínú head, ìyẹn apá òkè fáìlì HTML tí ẹ fi kọ ojú-ìwé yín:

<meta name="viewport" content="width=device-width, initial-scale=1">

Bí kò bá sí níbẹ̀, browser fóònù á gbà pé kọ̀ǹpútà lẹ kọ ọ́ fún. Á tẹ́ ojú-ìwé náà ní ìbú bíi 980 píksẹ́lì, á wá fún un pọ̀ kó lè gba ojú fóònù. Bí ẹ bá ti fi í sí i, ẹ wá ibi tí ẹ kọ width: 1000px tàbí irú rẹ̀ sí nínú CSS, ìyẹn kóòdù tó ń ṣètò bí ojú-ìwé ṣe rí, kí ẹ sọ width di max-width, kó lè súnkì bí ojú fóònù bá kéré. Ẹ má kọ áàpù kejì fún fóònù o. Bí ẹ bá ń tún ọ̀kan ṣe, èkejì á máa bàjẹ́ lọ.

Ìbéèrè: Lórí iPhone, bí mo bá fọwọ́ kan àpótí orúkọ, ojú-ìwé á fẹ̀ lójijì.

Ìdáhùn: Lẹ́tà inú àpótí náà kò tó 16px (píksẹ́lì), ìyẹn ni iPhone ṣe ń fẹ ojú-ìwé fúnra rẹ̀. Ẹ gbé e dé ibẹ̀, ó parí. Ẹ má fi maximum-scale=1 dí i, torí àwọn tí ojú ń dùn nílò láti fẹ ojú-ìwé.

Ìbéèrè: Ẹnì kan fi fóònù kọ Adébọ́lá. Mo wá a lórí kọ̀ǹpútà, áàpù ní kò sí, bẹ́ẹ̀ orúkọ náà wà lójú mi.

Ìdáhùn: Èyí ló ń dun àwa tí à ń kọ Yorùbá jù. Lẹ́tà ọ́ kò ní kóòdù tirẹ̀ nínú Unicode, ìyẹn ètò tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, àkópọ̀ ni. Kíbọọ̀dù kan lè kọ lẹ́tà “ọ” (U+1ECD), kó fi àmì ohùn (U+0301) lé e. Òmíràn lè kọ lẹ́tà “ó” (U+00F3), kó fi àmì ìsàlẹ̀ (U+0323) sí i. Ojú wa kò rí ìyàtọ̀ kankan, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Nínú JavaScript, ẹ lo oruko.normalize("NFC"), tó ń sọ àkópọ̀ méjèèjì di ọ̀kan náà, kí ẹ tó fi orúkọ pamọ́, kí ẹ sì lò ó fún ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń wá nǹkan bá tẹ̀. Àwọn orúkọ tó ti wà nílẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá.

Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tẹ àmì rárá. Nítorí tiwọn, ẹ ṣe ẹ̀dà orúkọ tí kò ní àmì, kí ẹ fi sí ibi ọ̀tọ̀, fún ìwádìí nìkan. Ẹ má jẹ́ kó rọ́pò orúkọ tí ọmọ ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ kọ. Orúkọ ẹni ni, ó yẹ kó rí i bó ṣe kọ ọ́.