Bí ẹ bá ra jìtá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọrùn ni kí ẹ ṣọ́

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ orin o. Bí jìtá tí ẹ rà bá ń bọ̀ láti Èkó wá sí Ìlọrin tàbí Àkúrẹ́, ẹ má sanwó kí ẹ tó béèrè bí wọ́n ṣe máa dì í.

Ibi tí ọrùn ti pàdé orí ló máa ń tètè kán. Àwọn tí orí wọn tẹ̀ sẹ́yìn, irú Gibson Les Paul, ló burú jù: páálí á ṣubú lulẹ̀ gbì, ara ò ní fi ibì kan ṣe, orí á ti já. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á dẹ okùn rẹ̀ díẹ̀, kó ki fóòmù tàbí aṣọ sábẹ́ orí àti ọrùn títí tí kò fi ní mì mọ́. Kó wá mi páálí náà nínú fídíò. Bí nǹkan bá ń ró, kó tún un dì. Àpò aláṣọ lásán? Èmi ò ní gbà.

Ilé iṣẹ́ akẹ́rù tó ní ìnṣọ́ránsì ni mo fara mọ́ ju wébíìlì páàkì lọ. Bó bá di dandan kó jẹ́ páàkì, ẹ sanwó ìjókòó kan fún un bí èrò. Abẹ́ àpò ìrẹsì nínú bùùtù kọ́ ni tiẹ̀, ooru ibẹ̀ sì lè tú gúlúù bríìjì, ìyẹn igi tó di okùn mú lára jìtá onígi.

Bó bá dé, ẹ tú u níwájú ẹni tó gbé e wá kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé.