Ẹ Yé Fi Bacillus Ṣòfò: Àṣìṣe Tí Mò Ń Rí Lọ́dọ̀ Àwọn Tó Ń Gbin Tòmátò àti Ata L'Ékòó

Owó tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Kétu àti Ọ̀jọ́ ń dà sílẹ̀ ń dùn mí, torí Bacillus tẹ́ ẹ rà, ìyẹn bakitéríà tó ń gbèjà ọ̀gbìn lọ́wọ́ àrùn, dára, ìlò rẹ̀ ni ò dáa.

1. Ẹ ń dúró dìgbà tí àrùn bá dé. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Bacillus subtilis kì í jí òkú dìde. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni pé kó kọ́kọ́ gba ara gbòǹgbò, kó máa jẹ ohun tí gbòǹgbò ń sun jáde, kó máa tú èròjà tó ń ba fọ́ńgọ́sì jẹ́ síta, kó sì ta ọ̀gbìn lólobó kó lè gbára dì. Bí Fusarium, fọ́ńgọ́sì tó ń mú kí tòmátò rọ, bá ti wọ inú igi, ta ló fẹ́ lé e jáde? Ara irúgbìn ni ká ti fi pa, ká tún bù ú sí ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ tá a bá ń ṣí i lọ sórí ebè.

Àwọn míì ò tiẹ̀ mọ àrùn tí wọ́n ń bá jà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ọ̀jọ́ pè mí lásìkò òjò: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti fín Bacillus títí, tòmátò mi ṣì ń rọ." Ewé rẹ̀ ò tíì pọ́n rárá, àmọ́ ó ti sorí kọ́. Mo gé igi kan nídìí, mo ti ojú ibi tí mo gé bọ inú ife omi, mo ní kó máa wò ó. Kò pẹ́ tí nǹkan funfun bí omi ògì bẹ̀rẹ̀ sí í sun wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ralstonia nìyẹn! Bakitéríà ni, kì í ṣe fọ́ńgọ́sì. Ká ní Fusarium ni, omi inú ife ì bá mọ́. A hú gbogbo èyí tó ti rọ dànù, mo sì kìlọ̀ fún un pé kó má gbin ata tàbí ìgbá síbẹ̀.

2. Bàbà. Kẹ́míkà oníbàbà máa ń pa bakitéríà. Bí ara ike ò bá sọ pé ó ṣeé pò mọ́ Bacillus, ẹ má pò ó.

3. Omi ẹ̀rọ tí klórínì, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi, ṣì ń rùn lára rẹ̀. Omi kànga ni kẹ́ ẹ lò.

Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ máa fín in. Oòrùn ọ̀sán ń pa á lórí ewé.

Pseudomonas fluorescens, bakitéríà míì tó ń gbèjà ọ̀gbìn, ò ní èèpo líle tí Bacillus fi ń fara da ooru. Ẹni tí iná ò dúró sí ládùúgbò rẹ̀, tí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń rajà sì jẹ́ onípáànù, Bacillus ni kó mú. Trichoderma tí wọ́n tún ń lò láti fi gbógun ti àrùn ńkọ́? Fọ́ńgọ́sì lòun fúnra rẹ̀, torí náà ẹ má da oògùn fọ́ńgọ́sì lù ú.

Ẹ jọ̀ọ́, bí omi bá ń dúró sórí ebè yín, Pythium, kòkòrò àrùn inú ilẹ̀ tó fẹ́ràn omi, á jẹ àwọn ọmọ irúgbìn yẹn nídìí, ohun yòówù kẹ́ ẹ rà. Ẹ gbé ebè sókè, kẹ́ ẹ la ọ̀nà fún àgbàrá, kẹ́ ẹ tó mówó jáde.